Píkọ́ọ̀pù Half-Ton Wo Ló Lè Fa Kárávàn Yín?

Láti ìgbà tí èmi àti ìdílé mi ti ń fa kárávàn, ilé kékeré onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, káàkiri Texas, kò sí òde Yorùbá tí a lọ ní Houston tí ẹnì kan kò ní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ wo ni kí n rà?" Ìdáhùn mi kì í sábà dùn mọ́ wọn, torí n kì í dárúkọ ọkọ̀. Nọ́ńbà kan wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀, òun ni mo máa ń ní kí wọ́n lọ wò. Àwọn ìbéèrè náà nìyí, bí wọ́n ṣe máa ń bi mí.

Kí ló ń jẹ́ half-ton? Ṣé ìdajì tọ́ọ̀nù péré ló lè gbé ni?

Rárá o. Orúkọ àtijọ́ ni. Nígbà kan, ẹrù bí ẹgbẹ̀rún pọ́ùn ni irú píkọ́ọ̀pù yìí ń gbé, ìyẹn ìdajì tọ́ọ̀nù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ti yí padà, orúkọ ò yí. Lónìí, Ford F-150, Chevrolet Silverado 1500, GMC Sierra 1500, Ram 1500 àti Toyota Tundra ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nissan Titan náà wà lára wọn kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró lẹ́yìn ti 2024. Àwọn tó jù wọ́n lọ lágbára, bíi F-250 àti Silverado 2500, ni wọ́n ń pè ní three-quarter-ton.

Ohun tí wọ́n ń pè ní travel trailer níbí ni èmi ń pè ní kárávàn, ẹ má bínú. Tí ẹ bá pe bàbá yín ní Ìbàdàn pé ẹ ti ra tírélà, wọ́n á rò pé ẹ ti ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò ni.

Ìpolówó ní F-150 lè fa 13,500 pọ́ùn. Kárávàn tí mo fẹ́ rà kò ju 7,000 lọ. Kí ló tún kù?

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. 13,500 yẹn kì í ṣe ti gbogbo F-150. Ti èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 3.5 EcoBoost ni, tí wọ́n sì kó gbogbo ohun èlò fífà sí lára. Ìlànà tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń tẹ̀ lé láti rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni SAE J2807. Nínú rẹ̀, awakọ̀ kan àti èrò kan ni wọ́n kà, 150 pọ́ùn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo inú ilé yín. Ta ló wọn 150 níbẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ ilé ìwé gíga yín?

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ẹ̀ ni pé fífà yàtọ̀ sí gbígbé. Kárávàn kì í kàn tẹ̀ lé ọkọ̀ lẹ́yìn bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ó ń gbé apá kan ara rẹ̀ lé ìdí ọkọ̀, níbi ìkọ́. Wọ́n ń pe ìyẹn ní tongue weight. Ìwúwo ẹnu ni mo máa pè é. Ó yẹ kó jẹ́ ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo kárávàn náà. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, kárávàn á máa jùrù lójú títì bí ajá tó rí olówó rẹ̀. Kárávàn 7,000 pọ́ùn tí ẹ ń wí yẹn á gbé nǹkan bí 900 pọ́ùn lé ọkọ̀ yín nìdí. Nínú ohun tí ọkọ̀ lè gbé ni wọ́n á ti yọ ọ́, kì í ṣe nínú ohun tó lè fà. Nínú half-ton, ohun tí ọkọ̀ lè gbé ló sì máa ń tètè tán.

Níbo ni mo ti máa rí ohun tí ọkọ̀ lè gbé?

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára òpó ilẹ̀kùn náà, ẹ máa rí sítíkà funfun tó ní àwọ̀ yẹ́lò, tó sọ pé àpapọ̀ ìwúwo èèyàn àti ẹrù kò gbọ́dọ̀ ju báyìí lọ. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń pè ní payload. Ti ọkọ̀ yẹn gan-an ni, kì í ṣe ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ méjì tí wọ́n jọ jẹ́ F-150, tí wọ́n gúnlẹ̀ síbi kan náà, tí àwọ̀ wọn tún jọra, payload wọn lè fi 500 pọ́ùn ju ara wọn lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹ má gba ohun tí ìwé ìpolówó wí, kí ẹ má sì gba ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dé ibi tí ọkọ̀ wà, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ya fọ́tò sítíkà náà. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ní kí wọ́n ya á ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ ya á, ẹ jẹ́ kó máa tajà rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà ṣe é. Ọkọ̀ ọ̀ṣọ́ ni: àga aláwọ, òrùlé onígíláàsì, àtẹ̀gùn tó ń yọ fúnra rẹ̀ tí ẹ bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó tà á fún mi ní ó lè fa ilé. Payload rẹ̀ jẹ́ 1,472 pọ́ùn. N ò wò ó nígbà yẹn.

Èmi jẹ́ 215 pọ́ùn. Ìyá àwọn ọmọ mi jẹ́ 180, ó sì ti fún mi láyè láti kọ ọ́ síbí. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 300 lápapọ̀. Ìyẹn 695. Ìkọ́ tó ń pín ìwúwo, irin gidi ni, 90 pọ́ùn. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré, kúlà ẹran àti omi tútù, àga àti tábìlì, igi ìdáná: 200. Ẹ ròó pọ̀, ó di 985. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1,472, ó ku 487 fún ìwúwo ẹnu kárávàn.

Ẹ wá fi ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ṣe é. 487 yẹn, kárávàn tí kò ju nǹkan bí 3,750 pọ́ùn lọ ló lè gbà. Ìpolówó ọkọ̀ yẹn kan náà sì sọ pé ó lè fa 11,000! Kò parọ́. Ó kàn jẹ́ pé tí mo bá fẹ́ fa 11,000, mo ní láti fi ìyàwó, ọmọ àti ẹran sílé.

Kárávàn yín wá wúwo tó báwo?

Ìwé rẹ̀ ní 4,700, ìwúwo gbẹrẹfu tí wọ́n ń pè ní dry weight. Ẹ má fi ìyẹn ṣírò ohunkóhun. Kò sí omi níbẹ̀, kò sí gáàsì, bátìrì lè má sí, kò sí ìkòkò kankan. Gálọ́ọ̀nù omi kan jẹ́ 8.3 pọ́ùn; tánkì 40 gálọ́ọ̀nù tó kún ti ju 330 lọ. A wá di ibùsùn, a di abọ́, a di iṣu márùn-ún àti ìkòkò kan tí ìyàwó mi ní kò sí ọbẹ̀ tó ń jinná nínú òmíràn. Nígbà tí a máa fi kúrò nílé, kárávàn ti di 5,900. Ẹ máa fi GVWR tó wà lára kárávàn fúnra rẹ̀ ṣírò, ìyẹn ìwúwo tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà á láyè láti ní. Ẹ óò fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ẹ má tan ara yín.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ojú ọ̀nà I-10 ni, lẹ́yìn San Antonio, a dorí kọ ìwọ̀-oòrùn. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Tírélà gidi kan, tírélà ti Ewékorò yẹn, fẹ́ kọjá lápá òsì mi. Bí imú rẹ̀ ṣe dé ẹ̀gbẹ́ kárávàn, ó tì wá sí ọ̀tún. Bí ìdí rẹ̀ ṣe kọjá, ó fà wá padà sí òsì. Kárávàn bẹ̀rẹ̀ sí í jùrù. Mo wo díńgí, ẹ̀gbẹ́ kárávàn ni mo rí, mo tún wò ó, n ò rí i mọ́, mo tún rí i. Iwájú ọkọ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé táyà kò kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń jà lẹ́yìn láti àárọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó gbà wá ni pé n ò tẹ bíréèkì ọkọ̀ gbàgà. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, mo di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí láìbá kárávàn jà, mo sì fi ìka tẹ bọ́tìnnì bíréèkì kárávàn tó wà létí ọwọ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bíréèkì tẹ̀yìn fà á padà, ó nà. A dúró ní ìjáde tó kàn. Ìyàwó mi bọ́ sílẹ̀, ó rìn yípo kárávàn náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n.

Òṣùwọ̀n wo? Ṣé àwa náà lè lò ó?

CAT Scale ni, ó wà ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn onítírélà ti ń ra epo, bíi Pilot àti Love's. Kò tó ogún dọ́là. Ẹ máa gun orí pèpéle irin gígùn kan tí wọ́n pín sí mẹ́ta: táyà iwájú lórí ìkíní, táyà ẹ̀yìn lórí ìkejì, ti kárávàn lórí ìkẹta. Ẹ na ọwọ́ síta, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ohùn kan á bi yín ní nọ́ńbà ọkọ̀ àti ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́. Èmi ní, "Ìdílé ni wá, mà." Ó rẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo gba ìwé.

Iwájú 3,140, ẹ̀yìn 4,120, kárávàn 5,200. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti di 7,260, GVWR rẹ̀ sì jẹ́ 7,050: mo ti fi 210 kọjá. Axle ẹ̀yìn, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju 4,050 lọ, mo ti fi 70 kọjá. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ò ráhùn rí. Ẹ́ńjìnnì kì í sọ fún èèyàn pé táyà àti sípíríǹgì ti ń kú lọ.

Ṣé ẹ ò lè fi apò atẹ́gùn tàbí sípíríǹgì kún un ni?

Ìdí ọkọ̀ á ga sókè, ọkọ̀ á dára wò. Payload ò yí padà. Bí ẹni tí orí ń fọ́ tó wé gèlè lé e ni.

Ìkọ́ tó ń pín ìwúwo yẹn ńkọ́?

Ìyẹn yàtọ̀, ó sì pọn dandan. Irin gbọọrọ méjì ló ní, wọ́n ń tẹ̀ bí ọrun, wọ́n sì ń ti apá kan ìwúwo padà síwájú ọkọ̀ àti sórí táyà kárávàn. Nínú ọ̀pọ̀ half-ton, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo sítíkà tó wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀ níbi ihò ìkọ́: ó sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà méjì, èyí tó kéré fún ìkọ́ lásán, èyí tó pọ̀ fún ìkọ́ tó ń pín ìwúwo.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ pé ó jókòó dáadáa: kí n tó so kárávàn mọ́ ọn, mo máa fi tépù wọn gíga láti ilẹ̀ dé etí irin tó wà lókè táyà iwájú. Lẹ́yìn tí mo bá gbé kárávàn lé e, mo tún wọ̀n ọ́n. Ó ti ga sí i, torí ìdí ti tẹ̀. Mo wá fa irin méjèèjì, mo tún wọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ kí iwájú padà sún mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é ni mo mọ ìdí tí iwájú ọkọ̀ fi fúyẹ́ lọ́wọ́ mi ní I-10.

Ọkọ̀ wo lẹ wá rà lẹ́yìn náà?

F-150 XLT, alága aṣọ, ọkọ̀ gígùn, tí àárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 157 íǹṣì dípò 145. Payload rẹ̀ jẹ́ 1,905. Ẹ yọ 985 kúrò, 920 ló kù, ìyẹn sì gba kárávàn bíi 7,000 pọ́ùn. Owó rẹ̀ dín sí ti ọkọ̀ ọ̀ṣọ́ yẹn! Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nìyẹn. Òrùlé onígíláàsì, àtẹ̀gùn alágbára iná, àga tó ń fọwọ́ ra èèyàn lẹ́yìn, ẹ̀rọ tó ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo rẹ̀ ló wúwo, inú payload yín ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń lẹ́wà sí i ni agbára gbígbé rẹ̀ ń dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ kan náà ṣe ọlá ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tún fi fa kárávàn, kó mọ̀ pé ohun méjì ló ń wá.

Gígùn àárín táyà náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọkọ̀ tó gùn kì í jẹ́ kí kárávàn tètè jù ú. Ìyà rẹ̀ ni pé ibi ìgbọ́kọ̀sí á máa yọ yín lẹ́nu.

Ford, Chevy, Ram, Tundra: ta ló jù?

Ẹni tí sítíkà rẹ̀ bá gba ìdílé yín ló jù. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ram ló rọrùn jù láti jókòó sí, sípíríǹgì onírìngì ló wà nídìí rẹ̀, kì í gbọ̀n. Ẹ ṣọ́ra fún payload àwọn tó lọ́ṣọ̀ọ́ nínú wọn. Tundra láti 2022 ti fi sípíríǹgì onírìngì rọ́pò èyí tó dà bí ewé irin, òun náà rọrùn. Ford àti GM ní àwọn àkójọ ohun èlò fún fífà àti fún ẹrù wíwúwo, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ní wọn kì í pọ̀ nílẹ̀, ó lè gba pé kí ẹ ní kí wọ́n ṣe tiyín. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ṣé V8 ṣì ni ọba?

Láti Houston dé Galveston, ilẹ̀ tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́, èyíkéyìí nínú wọn á fà á. Òkè ló ń dán ọkọ̀ wò. Bí ẹ ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tábò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì, sì ń pàdánù bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi máa dé Fort Davis, tó sún mọ́ 5,000 ẹsẹ̀ bàtà, V8 yín ti ń mí gúlegúle. Onítábò bíi 3.5 EcoBoost ti Ford kò ní mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì 3.0 Duramax ti GM, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: ó ń fà láti ìsàlẹ̀, kì í pariwo, kì í sì jẹ epo púpọ̀.

Ẹ béèrè nọ́ńbà axle náà, ìyẹn iye ìgbà tí irin tó ń bọ̀ láti jíà ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. 3.73 máa ń fà ju 3.31 lọ, ó sì ń jẹ epo díẹ̀ sí i. Bọ́tìnnì tow/haul tó wà lára ọkọ̀ fún ìgbà tí ẹ bá ń fa nǹkan, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Mo gbọ́ pé F-150 kan wà tó ń ṣe jẹnẹrétọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, PowerBoost, oníbátìrì àti epo. Èyí tó ní 7.2 kilowatt lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù kárávàn láìsí wàhálà. Ọmọ Nàìjíríà tó bá rí i á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: I-better-pass-my-neighbour tó tún ní ọwọ́ ọkọ̀! Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ wúwo, payload rẹ̀ sì máa ń kéré. Ẹ ṣílẹ̀kùn wò ó.

Èyí tó ń lo iná pátápátá ńkọ́?

Ó lágbára láti fà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá so kárávàn mọ́ ọn, ìrìn tó yẹ kó rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ọ̀pọ̀ ibi ìgbaná-sọ́kọ̀ ni wọn ò sì kọ́ fún ọkọ̀ tó fa nǹkan, ẹ ní láti tú kárávàn sílẹ̀ kí ẹ tó gbaná. Pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta? Ó tì.

Epo mélòó ló ń jẹ?

Tèmi ń rìn bíi máìlì mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lórí gálọ́ọ̀nù kan tó bá ń fa kárávàn. Ojú kárávàn fẹ̀ bí ògiri, atẹ́gùn ló ń jẹ epo yín ju ìwúwo lọ. Ìwọ̀-oòrùn Texas gbà kí ẹ sáré 80 máìlì ní wákàtí kan ní I-10, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ táyà kárávàn, àwọn tí wọ́n kọ ST sí lára, 65 ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Èmi ń rin 62. Àwọn tó ń fun fèrè lẹ́yìn mi, Ọlọ́run á dárí jì wọ́n.

Àlòkù ni mo fẹ́ rà. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Lẹ́yìn sítíkà ilẹ̀kùn, ẹ wo bóyá ihò iná oníhò méje wà nídìí rẹ̀, àti ẹ̀rọ ìdarí bíréèkì kárávàn nítòsí ọwọ́ ọkọ̀. Ní Texas, kárávàn tó bá ju 4,500 pọ́ùn lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀, bíréèkì tí ọkọ̀ ò lè bá sọ̀rọ̀ kò wúlò. Ẹ fa ọ̀pá epo jíà síta níbi tó bá ní in. Tó bá dúdú tó sì ń rùn bí nǹkan tó jóná, ẹnì kan ti fi fa ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ fi VIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, wo ojú ewé NHTSA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, bóyá wọ́n pe irú rẹ̀ padà fún àtúnṣe, ọ̀fẹ́ ni. Díńgí tó yọ síta náà dára, ẹ lè rà á lẹ́yìn.

Ìgbà wo ni kí n gbàgbé half-ton?

Nígbà tí kárávàn bá ti ju 7,500 pọ́ùn lọ, tàbí tó gùn ju 28 ẹsẹ̀ bàtà, tí ìdílé sì wà nínú ọkọ̀. Ẹlòmíì á ní òun ń fa 9,000. Ẹ bi í pé ṣé ó ti gun òṣùwọ̀n rí. Ẹ kọ́kọ́ yan kárávàn, kí ẹ tó yan ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ra ọkọ̀ tán kó tó máa wá kárávàn tó bá a mu.

Tí mo bá lò ó tán, ṣé mo lè gbé e lọ sílé?

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló máa ń béèrè èyí, kódà ẹni tí kò tíì rà á. Tundra onípẹtiróò, kò sí mẹkáníìkì nílùú Èkó tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Dísẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ yẹra fún. Àwọn dísẹ́ẹ̀lì Amẹ́ríkà òde òní nílò epo tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò ju 15 lọ nínú mílíọ̀nù kan, àti omi tí wọ́n ń pè ní DEF tí wọ́n ń bù sínú tánkì kékeré lọ́tọ̀. Tí omi yẹn bá tán, ọkọ̀ á kìlọ̀ títí, lẹ́yìn náà á kọ̀ láti sáré tàbí kó kọ̀ láti ṣíná. Ìyàwó mi ti ní tiwa ò lọ ibì kankan: àga aṣọ tó wà nínú rẹ̀ ti gba epo pupa inú ìkòkò rẹ̀ yẹn nígbà tó dà nù ní Kerrville, kò sì sí ẹni tó máa rà á.